Alágbàfọ̀ Tábìlì Olúwa

Lọ́jọ́ tí Christiana Sùnmọ́nù kú, aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lórí okùn lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní Iba. Mẹ́ta ni wọ́n: ńlá kan tí wọ́n ń tẹ́ sórí tábìlì Olúwa, àti kékeré méjì tí wọ́n fi ń nu ife wáìnì. Ó fọ̀ wọ́n láàárọ̀ Sátidé, ó sá wọn, ó ní kí òun jókòó sinmi díẹ̀, kò sì dìde mọ́. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni, bí ọdún tí wọ́n kọ fún un nígbà ìrìbọmi bá tọ̀nà. Adébímpé, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló sáré ká aṣọ náà nígbà tí òjò ṣú. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran: omijé wà lójú rẹ̀, síbẹ̀ ó gbé etí aṣọ kọ̀ọ̀kan sókè wò bóyá ó mọ́. Lẹ́yìn náà ló tó kó wọn sínú àpótí ìyá rẹ̀.

Ẹbí pín iṣẹ́ ìsìnkú. Ìyìnolúwa, àbúrò Adébímpé kan ṣoṣo, jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀ ìjọ, nítorí náà òun ni wọ́n fún ní ètò ṣọ́ọ̀ṣì. Adébímpé ní tirẹ̀ ti fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ sójà níwèé nínú bárékè Ọ̀jọ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Òun ni yóò kọ ìtàn ìgbésí ayé olóògbé, òun náà ni yóò sì kà á. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó lè ṣe é. Àwọn ènìyàn gbà pé ẹni tó bá ti di ṣọ́ọ̀kì mú rí, kò sí ohun tí kò lè kọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ ìsìnkú, Ìyìnolúwa mú ẹ̀dà fọ́ọ̀mù ṣọ́ọ̀ṣì wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè rí déètì tí yóò lò. Adébímpé kà á dé ìbéèrè kẹfà: Ǹjẹ́ olóògbé ń jẹ Oúnjẹ Olúwa? Láti ọdún wo? Àbúrò rẹ̀ ti fi bírò kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni, láti 1974.

“Ìyìn, Màmá ò jẹ Oúnjẹ Olúwa rí.”

“Àǹtí mi, ta ló mọ̀?”

“Èmi mọ̀.”

“Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n. Gbogbo ìjọ rò pé wọ́n ń jẹ ẹ́. Fíkà ò tíì lo ọdún kan lọ́dọ̀ wa, fọ́ọ̀mù sì ti dé ọ́fíìsì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó mọ bẹ́ẹ̀. Àbí ẹ fẹ́ kí wọ́n gbé Màmá gba iwájú ṣọ́ọ̀ṣì kọjá bí ẹni tí wọn ò mọ̀ rí ni?”

Òfin ìjọ wọn ní Òkokomáíkò ni pé òkú ẹni tí kì í bá jẹ Oúnjẹ Olúwa kì í wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì. Láti ilé ni wọ́n ti ń gbé e lọ sí itẹ́ òkú, Fíkà a gbàdúrà ráńpẹ́ lẹ́tí sàréè, ó tán. Adébímpé náà kò fẹ́ kí ìyá òun lọ bẹ́ẹ̀. Àádọ́ta ọdún ni obìnrin náà fi jókòó lórí bẹ́ǹṣì àkọ́kọ́ lọ́wọ́ òsì, bí ẹlòmíràn bá sì jókòó síbẹ̀, àlejò tí kò mọ̀ ni.

Ó gbé ìwé àti bírò jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Iba yìí náà ni wọ́n bí Christiana sí, nígbà tí ó jẹ́ pé oko ẹ̀gẹ́ ló pọ̀ níbẹ̀ ju ilé lọ. Bàbá rẹ̀ ń dáko. Sùnmọ́nù káfíńtà rí i, ó fẹ́ ẹ. Mùsùlùmí ni Sùnmọ́nù, ó sì ti ní ìyàwó kan nílé, Fáòsíátù, tó ti bí Ìsmáílà fún un. Kò sẹ́ni tó fipá mú Christiana. Òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé ọkùnrin náà wu òun, pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́ bí ó bá ń fá pákó. Ohun tí ó kọ́kọ́ wò lára ọkùnrin nìyẹn, kí á má tíì sọ ti ojú.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, sójà kún bárékè Ọ̀jọ́, Christiana sì di alágbàfọ̀ wọn. Òun ló máa ń rin ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀, a sẹ́ ẹ, a jẹ́ kó tòrò, a da omi orí rẹ̀ nù, a wá po ìyókù pọ̀ mọ́ omi gbígbóná fún sítáàṣì. Bí ó bá bọ kákí sínú rẹ̀ tó sì fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́, aṣọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ lè dìde dúró kí sójà tó wọ̀ ọ́. Àwọn ọ̀gá sójà ń fi aṣọ ránṣẹ́ sí i láti ojúlé dé ojúlé. Ibi tó bá iṣẹ́ náà dé nìyẹn nígbà tí sájẹ́ǹtì kan tó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin fi aṣọ funfun àlùfáà mọ́ kákí tirẹ̀. Fíkà ìgbà náà rí bí aṣọ náà ṣe funfun tó, ó béèrè ẹni tó fọ̀ ọ́, wọ́n ní ìyàwó Sùnmọ́nù ni.

Bí ó ṣe wọ ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn, látẹ̀yìn, pẹ̀lú ẹrù aṣọ lórí. Ó ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé wá dá aṣọ padà, ó ń dúró gbọ́ àwọn akọrin, títí tó fi di pé ó ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi náà. Sùnmọ́nù ní bí ó bá ṣe wù ú ni, ṣùgbọ́n kí oúnjẹ ọ̀sán má pẹ́. Wọ́n rì í bọmi, wọ́n sọ ọ́ ní Christiana. Nígbà tí ó bí ọkùnrin lọ́dún 1974, ó sọ ọ́ ní Ìyìnolúwa, bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ní Muheez, ọmọ náà sì ń jẹ́ orúkọ méjèèjì láìsí ìjà. Lẹ́yìn náà ni Christiana lọ bá Fíkà pé òun fẹ́ máa jẹ Oúnjẹ Olúwa.

Fíkà ní kò ṣeé ṣe. Ìyàwó kejì ni. Bí kò bá kúrò nílé ọkọ, kò lè dé iwájú pẹpẹ. Christiana ronú sí i fún ọ̀sẹ̀ kan, ó padà lọ sọ pé òun ò kúrò níbì kankan. Wọ́n ní ó dáa, kó máa wá jókòó, kó máa kọrin, kó sì bá wọn máa fọ aṣọ tábìlì Olúwa, nítorí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n fọ̀ bíi tirẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tó fún aṣọ, ẹnu rẹ̀ ni kò tó fún oúnjẹ. Àwọn tó ṣe òfin náà ló mọ bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀.

Christiana kò jà. Ó ra básíà tuntun tí kì í ṣe ti kákí sójà, ó kọ àgbélébùú sí ìdí rẹ̀ kí àwọn ọmọ ilé má baà fi pọn omi. Ó ní òfin tirẹ̀ náà, ó sì le ju ti ìjọ lọ. Wáìnì kì í sùn lára aṣọ: bí wáìnì bá kán sí i lọ́jọ́ Ìsinmi, ọjọ́ Ìsinmi náà ni yóò fọ̀ ọ́, ìbáà jẹ́ pé àlejò kún ilé, ìbáà jẹ́ pé ara rẹ̀ ò yá. Láti kékeré ni àwọn ọmọ ilé ti ń gbọ́ ọ, ọmọ ìyáálé àti ọmọ ìyàwó.

Bí ó bá di Ìsinmi àkọ́kọ́ oṣù, tí ìjọ bá ń tò lọ síwájú pẹpẹ, Christiana a dìde lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, a wọ inú yàrá tí àlùfáà ti ń wọṣọ lọ, a máa ká aṣọ tó ti wà ní kíká tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ṣìnà. Wọ́n rò pé wọ́n ti kọ́kọ́ fún un jẹ nínú yàrá, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó sún mọ́ tábìlì jù. Àwọn ìyá ìjọ mìíràn tilẹ̀ jowú rẹ̀.

Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù gbé ọwọ́ lé Adébímpé lórí, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ó jẹ Oúnjẹ Olúwa fún ìgbà àkọ́kọ́, ó padà wá jókòó, ó ń retí kí ìyá rẹ̀ ti inú yàrá náà dé kó bi í bí ọkàn rẹ̀ ṣe rí. Christiana dé, ó jókòó tì í, ó tẹ̀ sún mọ́ etí rẹ̀.

“Ṣé ó funfun?”

“Kí ni, Màmá?”

“Aṣọ. O kúnlẹ̀ sí iwájú rẹ̀, àbí o ò rí i?”

“Ó funfun, Màmá.”

Láti ọjọ́ náà, lóṣooṣù, fún ọdún méjìlélógójì, ìbéèrè kan náà ni, èsì kan náà ni. Ó pẹ́ kó tó yé Adébímpé pé ìyá òun kò rí aṣọ náà lójú iṣẹ́ rí, pé ojú òun ló fi ń wò ó. Nígbà tó yé e, ó bínú. Ó bínú sí ìjọ, ó sì bínú sí ìyá rẹ̀ jù, nítorí Sùnmọ́nù kú lọ́dún 1996, kò sì sí ohun tó tún ń dí i lọ́wọ́ mọ́. Opó ni. Fíkà ọdún náà wá sílé wá sọ ọ́ fún un pé Ọlọ́run ti tú u sílẹ̀. Christiana wo Fíkà. “Ta ló dè mí, sà?” ló sọ, ó sì lọ gbé omi tútù wá fún un. Adébímpé pe ìyẹn ní agídí. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló fi pè é bẹ́ẹ̀.

Ó kọ ìtàn náà dé ibẹ̀, bírò dúró. Lówùúrọ̀ Ọjọ́rú, ó lọ bá Fáòsíátù nínú yàrá iwájú. Ìyáálé ìyá rẹ̀ ń lọ sí àádọ́rùn-ún ọdún, ojú rẹ̀ ti bàìbàì, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ gbọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń bọ̀ láti ẹnu géètì. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó háyà yàrá ẹ̀gbẹ́ kò lè wọlé lálẹ́ kí ó má mọ̀. Adébímpé kúnlẹ̀ kí i, ó sọ ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

“Muheez ló kọ bẹ́ẹ̀?” Títí di òní, kò pe Ìyìnolúwa ní orúkọ mìíràn.

“Òun ni, Ìyá Àgbà. Ó ní kí wọ́n lè gbé Màmá wọlé ni.”

Fáòsíátù yí tẹ̀sùbáà ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀. “Ṣé o mọ ohun tí pásítọ̀ yín ìjọ́sí sọ fún ìyàwó mi lẹ́yìn ikú bàbá yín?”

“Ó ní kí wọ́n wá máa jẹ Oúnjẹ Olúwa.”

“Kò tán síbẹ̀. Ó ní kó kọ́kọ́ dúró níwájú gbogbo ìjọ, kó ní òun kábàámọ̀ ilé tí òun gbé. Yàrá yìí ló ti wá sọ ọ́ fún mi, ó jókòó síbi tí o wà yẹn. Èmi gan-an ní kó lọ. Mo ní, ‘Sọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́, kí o lọ jẹ ẹ́, èmi ò bínú.’ Ó ní, ‘Ìyá Ìsmáílà, èwo ni kí n kábàámọ̀ níbẹ̀? Ṣé Adébímpé ni, àbí Muheez, àbí ẹ̀yin tí ẹ gbẹ̀bí wọn?’”

Adébímpé jókòó sórí ilẹ̀ níbẹ̀.

“Bí ẹ bá wá kọ ọ́ pé ó jẹ ẹ́,” Fáòsíátù ní, “ẹ ti kọ ọ́ pé ó kábàámọ̀ wa nìyẹn. Ẹ má fi irọ́ sin ìyàwó mi.”

Ó dun Adébímpé gan-an. Ó dun ún pé ìyá òun ti gbà kí òun pè é ní alágídí fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, láì sọ fún òun pé nítorí òun ni. Ó lọ sí yàrá ìyá rẹ̀, ó ṣí àpótí, ó kó aṣọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde, ó ṣe sítáàṣì sí wọn, ó sì lọ̀ wọ́n títí ọwọ́ rẹ̀ fi ro ó.

Lọ́jọ́bọ̀, ó gbé wọn lọ bá Fíkà Ògúnjìmí ní Òkokomáíkò. Ọkùnrin náà kò tíì pé ogójì ọdún, kò sì tíì lò ju oṣù mẹ́jọ lọ nínú ìjọ náà. Ó gba aṣọ, ó tú u wò, ó yìn ín. Adébímpé wá sọ òtítọ́ fún un.

“Màmá,” Fíkà ní, nítorí bí àwọn àlùfáà kékeré ṣe ń pe obìnrin tó bá ti fẹ̀yìn tì nìyẹn, “fọ́ọ̀mù wà lórí tábìlì mi. Bí ẹ bá ti dákẹ́ ni, wọn ì bá gbé ìyá wa wọlé lọ́la, ẹnikẹ́ni ò ní béèrè. Ẹ ì bá má ti jẹ́ kí n gbọ́ ọ.”

“Ẹ ti gbọ́ ọ, sà.”

“Òfin náà kì í ṣe tèmi. Ti ìgbìmọ̀ ni.”

“Mo mọ̀. Àbúrò mi wà nínú wọn.”

Fíkà tún wo aṣọ náà. “Ta ló lọ̀ ọ́?”

“Èmi ni mo lọ̀ ọ́. Ìyá mi ló fọ̀ ọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe kẹ́yìn nìyẹn.”

Fíkà ní kó máa lọ sílé. Kò ṣèlérí ohunkóhun, Adébímpé kò sì bẹ̀ ẹ́. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké: nígbà tí Ìyìnolúwa gbọ́, ó pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi yọjú lójú fèrèsé. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ti ti ìyá wọn síta. Ó ní òun ò ní bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Adébímpé jẹ́ kó sọ ọ́ tán, nítorí apá kan nínú ọkàn tirẹ̀ náà ń sọ ohun kan náà fún un.

Láàárọ̀ Ẹtì, wọ́n gbé pósí sínú ọkọ̀, wọ́n kọrí sí itẹ́ òkú. Títì tó gba iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbà. Fáòsíátù wà nínú mọ́tò Ìsmáílà lẹ́yìn wọn. Adébímpé ti pinnu pé bí wọ́n bá dé ibẹ̀, òun ò ní gbójú sókè. Ọkọ̀ rọra dúró. Ó gbójú sókè.

Géètì ṣọ́ọ̀ṣì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Wọ́n ti kó gbogbo bẹ́ǹṣì jáde sí àgbàlá, bẹ́ǹṣì Christiana wà níwájú pátápátá. Àwọn ọkùnrin mẹ́fà gbé tábìlì Olúwa ń bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń mí gúlegúle, Fíkà Ògúnjìmí ń tẹ̀lé wọn pẹ̀lú aṣọ lápá.

“Mo ka òfin náà lẹ́ẹ̀mẹrin,” ó sọ fún ìjọ nígbà tí gbogbo ènìyàn jókòó tán. “Ó ní kí òkú má wọlé. Kò sí ibi tó ti ní kí tábìlì má jáde.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan kùn. Bàbá kan nínú ìgbìmọ̀ bínú dìde, ó rìn dé géètì, ó bojú wẹ̀yìn, ó rí i pé kò sẹ́ni tó tẹ̀lé òun, ó sì padà wá wá ibi jókòó sí. Ìsmáílà fa ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ wọ inú àgbàlá. Fáòsíátù ò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí láyé rẹ̀, inú mọ́tò ló ti fẹ́ dúró. Ṣùgbọ́n ìta gbangba nìyí, kò sí ilé tó wọ̀. Wọ́n ti gbé pósí kalẹ̀ síwájú bẹ́ǹṣì Christiana; wọ́n gbé àga fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí náà, ó sì gbé ọwọ́ lé e.

Nígbà tí ó kan ìtàn ìgbésí ayé, Adébímpé dìde. Ìyìnolúwa ń wo ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ka ti oko ẹ̀gẹ́, ó ka ti kákí sójà, ó wá dé ibi tó le.

“Christiana Sùnmọ́nù kò jẹ Oúnjẹ Olúwa rí. Ìyàwó kejì ni. Wọ́n ní kó kábàámọ̀ ilé rẹ̀ kó tó lè jẹ, kò sì kábàámọ̀. Àádọ́ta ọdún ló fi fọ aṣọ tí gbogbo wa ti jẹun lórí rẹ̀. Ìyáálé rẹ̀ ń jẹ́ Fáòsíátù, òun nìyẹn tí ó jókòó tì í.”

Ìyìnolúwa ti ń sunkún, kò sì fi ọwọ́ bo ojú.

Fíkà bẹ̀rẹ̀ sí fún wọn ní Oúnjẹ Olúwa. Wọ́n tẹ́ ẹní síwájú tábìlì, ìjọ ń kúnlẹ̀ lórí ẹní nínú oòrùn. Afẹ́fẹ́ títì ń gbé etí aṣọ. Nígbà tí ó kan Adébímpé, afẹ́fẹ́ kan fẹ́, ọwọ́ Fíkà yẹ̀, wáìnì kán sórí aṣọ, ó sì tàn ká níwọ̀n ojú kọ́bọ̀. Àwọn méjèèjì wò ó. Adébímpé mu tirẹ̀, ó dìde, ó ń padà lọ jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yà sí ọ̀dọ̀ pósí fúnra rẹ̀, bí ó ti ń yà sí bẹ́ǹṣì ìyá rẹ̀ fún ọdún méjìlélógójì. Ó tẹ̀ sún mọ́ ọn.

“Kò funfun tán lónìí, Màmá. Wáìnì kán sí i. Mo máa fọ̀ ọ́.”

Fáòsíátù fà á láṣọ.

“Bímpé, ìgbà wo lo máa fọ̀ ọ́?”

“Bí a bá ti sàréè dé, Ìyá Àgbà. Àlejò máa pọ̀ nílé, bóyá lọ́la…”

“Òní ni o,” Fáòsíátù ní. “Wáìnì kì í sùn lára aṣọ.”